Tí Left 4 Dead 3 Bá Máa Wá, Kó Má Jẹ́ Kí N Lè Gba Ara Mi Là

Ìbéèrè kan ni àbúrò mi bi mí lórí WhatsApp tí mi ò rí dáhùn, láti ọjọ́ yẹn ló ti ń jẹ mí lọ́kàn, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí. Ó rí fídíò kan lórí YouTube, irú àwọn tí àkọlé wọn máa ń pariwo yẹn, pé Left 4 Dead 3 ń bọ̀, apá kẹta géèmù tí èèyàn mẹ́rin ti máa ń jọ bá sọ́mbì jà, pé ẹnì kan rí orúkọ ẹ̀ nínú fáìlì kan. Mo ní ṣebí ìwọ náà mọ̀ pé irọ́ ni. Ó ní, "Mo mọ̀, bọ̀dá, ṣùgbọ́n ká ní òótọ́ ni ńkọ́, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe sínú ẹ̀ gan-an?"

Mo tẹ "ìbọn tuntun", mo pa á rẹ́. Mo tẹ "kí sọ́mbì ẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ", mo tún pa á rẹ́. Ìbọn wà nílẹ̀, sọ́mbì náà ò wọ́n, géèmù sọ́mbì tó wà níta báyìí pọ̀ débi pé ẹsẹ̀ lèèyàn máa fi tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó rọ́nà kọjá. Mo kàn fi emoji ẹ̀rín ránṣẹ́ sí i, mo ṣe bí ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ dí. Ṣùgbọ́n kò kúrò lára mi, torí ó ti pẹ́ tí mo ti wà lára àwọn tó ń pariwo pé Valve, ilé-iṣẹ́ tó ni géèmù náà, ò ṣe wá dáadáa, pé ó yẹ kí apá kẹta ti jáde tipẹ́, èèyàn ò wá lè máa bèèrè nǹkan lọ́dọọdún kó má mọ ohun tó ń bèèrè.

(Tó ò bá mọ Bill, Zoey, Francis àti Louis, àwọn mẹ́rin tí à ń fi gbá apá kìíní, kò burú, ṣùgbọ́n mi ò ní dúró ṣàlàyé. Lọ gbá a wá. Owó ẹ̀ kì í tó nǹkan tí Steam, ọjà géèmù Valve lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀dínwó.)

## Nígbà kan, wọ́n ní ó yá jù

Ohun kan wà nínú ìtàn géèmù yìí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Apá kìíní jáde ní oṣù kọkànlá 2008. Nígbà tó di oṣù kẹfà 2009, ní E3, ìpàtẹ géèmù ńlá yẹn, Valve ní apá kejì máa jáde kí ọdún yẹn tó parí, ni ọ̀rọ̀ bá di ìjà. Àwọn kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí Steam pé àwọn ò ní rà á, pé ó yá jù, pé àfikún tí wọ́n ṣèlérí fún apá kìíní dà, àwọn tó wọ ẹgbẹ́ yẹn sì ju 30,000 lọ. Valve ò bá wọn fa ọ̀rọ̀, ńṣe ni wọ́n pe méjì nínú àwọn olórí ẹgbẹ́ náà wá sí Bellevue ní ìpínlẹ̀ Washington kí wọ́n wá gbá a wò, wọ́n gbá a, ó dùn mọ́ wọn, bí ìjà ṣe ń tán nílẹ̀ nìyẹn. Oṣù kọkànlá 2009 ni Left 4 Dead 2 jáde lóòótọ́.

Ọdún kan yá jù nígbà yẹn o. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ti di bàbá ọmọ báyìí, àwọn náà ló ń bèèrè pé apá kẹta dà.

Kò kúkú jẹ́ pé Valve ò fọwọ́ kàn án. Geoff Keighley, akọ̀ròyìn tí wọ́n jẹ́ kó wọ inú ilé wọn, kọ ọ́ jáde ní 2020 pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nígbà kan, pé Morocco ni wọ́n gbé e sí, ìlú tó ṣí sílẹ̀ gbayawu tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún sọ́mbì á máa ya lu èèyàn pọ̀, ṣùgbọ́n Source 2, ẹ́ńjìnnì géèmù tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọ, ò tíì jinná nígbà yẹn, ni wọ́n bá pa á tì. Ní oṣù kìíní 2020 yẹn kan náà ni Valve fẹnu ara wọn sọ pé àwọn ò ṣe nǹkankan tó jọ Left 4 Dead. Ẹ sì rántí irú ilé-iṣẹ́ tí wọ́n jẹ́, òṣìṣẹ́ ló ń yan iṣẹ́ tó wù ú, tábìlì wọn ní táyà, kí wọ́n yí i lọ síbi tí ọkàn wọn bá fà sí, ta ni ọ̀gá tó máa wá dìde níbẹ̀ pé ẹ ṣe apá kẹta fún àwọn ọmọ yìí dandan?

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ Morocco yẹn, inú mi dùn gan-an. Ilẹ̀ Áfíríkà! Mo ti ń rí Tank, abàmì gìrìwò inú géèmù yìí, tó ń fọ́ ìsọ̀ oníṣòwò kiri. Kò wù mí tó bẹ́ẹ̀ mọ́ báyìí, mo máa sọ ìdí ẹ̀ tó bá yá.

## Ọjọ́ tí wọn ò nílò mi

Turtle Rock Studios ló bẹ̀rẹ̀ Left 4 Dead, Valve rà wọ́n ní 2008, wọ́n tún padà dá dúró, nígbà tó di oṣù kẹwàá 2021 wọ́n gbé Back 4 Blood jáde. Kí wọ́n tó ṣàlàyé ohunkóhun, orúkọ ẹ̀ ti sọ ohun tí wọ́n fẹ́ tà fún wa. Èmi àti àbúrò mi sì rà á lójú ẹsẹ̀, ṣé a máa dúró ni.

A wà ní òpópónà kan lálẹ́ ọjọ́ kan, ó wà lẹ́yìn, èmi wà níwájú. Crusher gbá a mú, abàmì oníapá ńlá yẹn tó máa ń fún èèyàn bí ẹni ń fún aṣọ. Mo gbọ́ tó lọgun nínú fóònù etí. Kí n tó ronú rárá, mo ti yí padà, mo fi àwọn tí mò ń yìnbọn sí sílẹ̀, mo gba àárín wọn kọjá, wọ́n ń ya mí lẹ́yìn, ẹ̀mí mi ń lọ sílẹ̀, mò ń pariwo pé mò ń bọ̀, dúró dè mí, mò ń bọ̀. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, ó ti dìde. Ó ti ń ki ọta sínú ìbọn ẹ̀. Ó ní, "Ẹ má yọnu, bọ̀dá, mo ti já ara mi gbà. Káàdì ni."

Káàdì ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbá a mọ̀ ọ́n, káàdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lèèyàn máa ń tò jọ, ọ̀kan wà nínú ẹ̀ tó jẹ́ pé tí nǹkan bá gbá ẹ mú, o kàn máa tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, o ti bọ́. Ìbọn oníná kékeré kan tún wà téèyàn lè rà tó máa ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, mi ò ní parọ́, àbúrò mi tò ó dáadáa. Èmi ni mo kàn dúró sójú títì pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, bí àlejò tó gbé ẹ̀bùn dé ibi ìkómọ tí wọ́n ti ṣe parí lánàá.

A gbá a lọ. A borí, mo rò pé a borí, mi ò rántí mọ́. Ohun tí mo rántí ni bí ara mi ṣe tutù lójijì, tí mi ò sì mọ ohun tó fà á nígbà yẹn. Géèmù yẹn rẹwà ju Left 4 Dead 2 lọ lójú, ìbọn ẹ̀ ń dún dáadáa lápá, gbogbo nǹkan tí mo máa ń bèèrè ló wà níbẹ̀, síbẹ̀ a ò gbá a pẹ́, kò sí ẹni tó sọ fún ẹnìkejì pé òun ò fẹ́ mọ́. Ó kàn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

## Ó pe orúkọ mi láìsí bọ̀dá

Ẹ jẹ́ kí n gbé ìkejì ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ọjọ́ Kérésìmesì 2013, Valve ta gbogbo ayé lọ́rẹ, ẹni tó bá gba Left 4 Dead 2 lọ́jọ́ yẹn, ọ̀fẹ́ ni, títí ayé. Dátà òru la fi fà á wálẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ ká tó fà á tán. A wá fi wáyà so láptọ́ọ̀pù méjì pọ̀ nínú pálọ̀, èmi lórí ọ̀kan, òun lórí ìkejì, bọ́ọ̀tì méjì, ìyẹn àwọn tí kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ń gbá, kún wa. Ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ni nígbà yẹn, ó ṣì máa ń bẹ̀rù òkùnkùn inú géèmù, ó máa ń lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn.

Inú ọsibítù tó wà nínú ìrìn-àjò No Mercy la wà tí Hunter, abàmì tó máa ń fò mọ́ èèyàn, fi fò bọ́ sórí ẹ̀ láti òkè. Àbúrò mi, tí kì í pè mí láìfi bọ̀dá ṣáájú, tó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí àwọn ọ̀rẹ́ mi pàápàá, ọmọ yẹn fi orúkọ mi lásán pariwo pè mí, ó lọgun ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta léra léra, ó ní "Gbà mí! Gbà á kúrò lára mi!" Ìyá wa gbọ́ ọ ní kíṣìnnì. Ó ní ta lò ń pè bẹ́ẹ̀ yẹn? Kò dáhùn. Hunter wà lórí ẹ̀, kò ráyè ìyá wa.

Ẹ̀kọ́ ilé ẹ̀ ò bàjẹ́ o. Kò sí bọ́tìnnì kankan tó lè tẹ̀ ni. Tí Hunter bá ti jókòó lé ẹ láyà, géèmù yẹn ti gba ọwọ́ ẹ lọ́wọ́ ẹ, o lè máa lu kíbọ́ọ̀dù títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹlòmíì gbọ́dọ̀ dé kó tì í dànù tàbí kó yìnbọn sí i. Bí Smoker bá fi ahọ́n wọ́ ẹ lọ, bákan náà. Jockey gun ẹ lórí, Charger gbé ẹ gbá mọ́lẹ̀, bákan náà. Tó o bá wá ṣubú, wàá wà nílẹ̀ pẹ̀lú pístù kékeré lọ́wọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá dá iṣẹ́ dúró kó gbé ẹ dìde. Kódà tó o bá kú, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kan lo máa jí sí, wàá máa ké pé ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi.

Ẹ wá fi èyí wé "Ẹ má yọnu, bọ̀dá." Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, àyè sì wà fún un láti bọ̀wọ̀ torí kò sí ohun tó ń ṣe é. Èmi ò fẹ́ irú ọ̀wọ̀ yẹn nínú géèmù sọ́mbì. Mo fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ mi lásán.

## Ọwọ́ kẹta

Wọ́n ní àjèjé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Àwọn tó ń ṣe géèmù láyé ìsìnyí gbọ́ òwe yẹn, wọ́n wá rò pé ojútùú ẹ̀ ni kí wọ́n fún oníkálukú ní ọwọ́ kẹta.

Mo mọ ìdí ẹ̀ o. Ẹni tó bá ti bá àwọn tí kò mọ̀ rí gbá géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ ohun tójú ẹ̀ ti rí. Wàá ṣubú, wàá máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fò ẹ́ kọjá lọ síbi yàrá ààbò, ọ̀kan á tilẹ̀ dúró gba òògùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ kó tó lọ. Tàbí kí ẹnì kan bínú jáde láàárín ogun. Ohun tí Valve ṣe sí ti ẹni tó jáde ni pé bọ́ọ̀tì á gbé ara ẹ̀ wọ̀, á máa bá yín lọ, ó kéré tán ẹ ṣì pé mẹ́rin (ní tiwa, tí iná bá ti lọ lọ́dọ̀ ẹnì kan tí bátìrì ẹ̀ náà ò dáa, bọ́ọ̀tì máa ń ṣiṣẹ́ gan-an). Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn rí wàhálà kan náà, wọ́n ní kí ló dé tí a ò kúkú ṣe é kí ẹnikẹ́ni má nílò ẹnikẹ́ni. Èyí sì ń tà, torí ẹni tó ń rí i pé òun ń lágbára sí i lójoojúmọ́, tí káàdì ẹ̀ ń pọ̀, tí ìbọn ẹ̀ ń yí àwọ̀ padà, ó máa padà wá lọ́la. Nínú Left 4 Dead, ká tiẹ̀ ti gbá a fún ọdún mẹ́wàá, pístù kan náà ni wọ́n máa fún gbogbo wa níbẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò. Kò sí ohun tí ọdún mẹ́wàá yẹn fún ẹ ju ojú àti etí lọ, o kàn mọ ibi tí Witch, abàmì obìnrin yẹn, ti ń sunkún kí àwọn yòókù tó gbọ́.

Mo ń ro ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ kan, mo gbójú sókè wo àdúgbò tí mò ń gbé. Oníkálukú ló ní jẹnẹrétọ̀ tiẹ̀, bohòòlù tiẹ̀, ọlọ́dẹ tiẹ̀, wáyà ṣóńṣó tiẹ̀ lórí ògiri. Káàdì wa ti pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ti ń gbé níbẹ̀ ó ti pẹ́, mi ò mọ orúkọ ẹni tó wà nínú ilé kẹta sí tèmi, mi ò sì tíì rí ìdí tí mo fi máa kanlẹ̀kùn ẹ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, garawa omi nìkan tó láti mú ẹ mọ gbogbo ojúlé. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni kó jẹnẹrétọ̀ dànù o, tèmi náà ń dún níbi tí mo ti ń kọ èyí. Mo kàn ń sọ ohun tí mo rí ni. Àbúrò mi gan-an ti wà ní Manchester báyìí, iṣẹ́ ẹ̀ dáa, kì í bèèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, inú mi sì ń dùn sí i, ṣùgbọ́n àwọn oṣù kan wà tí kì í sí ohun tó máa mú ẹnì kan nínú wa pe ẹnìkejì.

Àfi géèmù. Left 4 Dead 2 yẹn kan náà, títí dòní, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà wá láyè.

## Ó yá, èmi rèé dáhùn

Nítorí náà, tí Valve bá gbé apá kẹta yìí dìde lóòótọ́, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ ni pé kó má sí ọ̀nà kankan tí ẹni tí wọ́n gbá mú á fi já ara ẹ̀ gbà. Káàdì, òògùn, ẹgbẹ̀rún ìpele tó ti gùn, kó má sí. Àwọn ènìyàn máa bínú, wọ́n á kọ ọ́ sórí Steam pé ó ti le jù, kí wọ́n kọ ọ́.

Èkejì ni pé kí wọ́n má fi ilẹ̀ gbayawu yẹn dán wa wò. Mi ò rí Morocco wọn, ó lè dùn ju bí mo ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n ibi tó bá fẹ̀ jù, èèyàn mẹ́rin á túká síbẹ̀, èyí á lọ wá ìbọn, èyí á lọ wo orí òkè. Ọ̀nà tóóró ni Left 4 Dead, inú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, inú kòtò omi ìdọ̀tí, àtẹ̀gùn ọsibítù. Ọ̀nà tóóró ló ń mú ká máa fèjìká kan ara wa. Ibẹ̀ náà ni ìdánwò ìkẹyìn ti ń dùn, hẹlikọ́pítà ti dé sórí òrùlé, ìwọ ti wọlé, o yíjú padà o rí ẹnì kan tó ṣubú lọ́hùn-ún tí Tank ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bi ẹ́ léèrè tó o bá jókòó síbi tó o wà. Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá di ọjọ́ ikú kó yẹrí, ṣùgbọ́n mo ti rí ẹyẹlé tó yẹrí lórí òrùlé yẹn, mo sì ti rí ẹni tó bọ́ sílẹ̀ tí Tank pa òun àti ẹni tó fẹ́ gbé pọ̀. Àwọn tó bọ́ sílẹ̀ yẹn, orúkọ wọn ṣì wà lórí Steam mi.

Ẹ̀kẹta ni Director, ọgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ń darí ogun inú géèmù náà. Mike Booth tó darí iṣẹ́ apá kìíní ti ṣàlàyé ẹ̀ tipẹ́, pé kọ̀ǹpútà yẹn ń wo bí ara ṣe ń le mọ́ wa tó, á gbé ogun dé, á jẹ́ kó dé góńgó, á wá fún wa ní ìsinmi. Ìsinmi yẹn làwọn tó ń fara wé e kì í sábà rántí. Sọ́mbì lórí sọ́mbì, ariwo lórí ariwo. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn lèèyàn ti máa ń wo ẹ̀jẹ̀ ẹnìkejì, tó máa ń sọ pé gba òògùn tèmi, èmi ṣì lè rìn. Tí wọ́n bá máa lo ọgbọ́n kọ̀ǹpútà òde òní fún nǹkankan, ibẹ̀ ni kí wọ́n lò ó sí.

Ti Versus, níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbé ara abàmì wọ̀ bá ara wọn jà, kó wà bó ṣe wà. Èébú inú ẹ̀ ti pọ̀ jù fún èmi, ọjọ́ orí ti dé.

Ta ló máa ṣe é? Mi ò ní fi Valve ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn ò lè kà dé mẹ́ta, torí pé apá kẹta géèmù wọn kì í jáde, àwàdà yẹn ti gbó, wọ́n sì ti fi Half-Life: Alyx hàn wá ní 2020 pé wọ́n ṣì mọ iṣẹ́. Booth fúnra ẹ̀ ti wà ní Bad Robot Games, wọ́n ní géèmù eléèyàn mẹ́rin mìíràn ló ń ṣe níbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2020, àwọn olólùfẹ́ Left 4 Dead 2 ló kó ara wọn jọ ṣe àfikún ńlá tí wọ́n pè ní The Last Stand, Valve kàn fọwọ́ sí i ni wọ́n bá gbé e jáde, géèmù tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá nígbà yẹn. Irú àwọn èèyàn yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n pè sínú yàrá, torí pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù tó bà léni lẹ́pọ̀n, ibi tí géèmù yìí wà lára wa ò ṣeé fi ẹ̀ṣẹ́ lù.

Ó ku ọ̀kan, òun ló sì kan àwa tá a wà lápá ibí yìí jù. Kó ṣeé gbá láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí Back 4 Blood jáde, kódà kó o dá gbá a, o gbọ́dọ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, oṣù kejìlá ọdún yẹn ni wọ́n tó tún un ṣe. Sávà tó bá sún mọ́ wa jù ṣì jìnnà, sọ́mbì ti jẹ ẹ́ tán kí ìbọn ẹ tó dún. Wáyà inú pálọ̀ wa ò mọ gbogbo ìyẹn. Kí wọ́n sì jẹ́ kí èèyàn méjì lè pín ojú kọ̀ǹpútà kan, nǹkan tí Xbox 360 ní láti ọjọ́ yìí, tó jẹ́ pé lórí kọ̀ǹpútà ńṣe lèèyàn máa ń tẹ àṣẹ bí ẹni ń pọfọ̀ kó tó rí i lò. Bọ́tìnnì kan lásán ni kí wọ́n fi síbẹ̀, kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti tẹ gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi báyìí, ó gùn ju èyí tẹ́ ẹ kà yìí lọ. Ó kà á tán, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ò sọ ìbọn kankan." Ó ní òun máa wálé ní Kérésìmesì, pé òun ń kó pádì méjì bọ̀.